Báwo Ni Ikọ̀ 32 Ṣe Ń Ṣẹ́ Ku Ẹyọ Kan Nínú Sáà Họ́kì Orí Yìnyín?

Họ́kì orí yìnyín jẹ́ eré tí ikọ̀ méjì ti ń fi ọ̀pá lé pẹlẹbẹ rọ́bà kan kiri lórí omi dídì, tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń wá ọ̀nà láti gbá a wọ ilé ìkejì rẹ̀. Kánádà ni eré yìí ti ta gbòǹgbò jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1917, wọ́n dá líìgì kan sílẹ̀ fún un ní ìlú Montreal, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí NHL lónìí. Ikọ̀ 32 ló wà nínú líìgì náà báyìí: 7 ní Kánádà, 25 ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, òdo ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, ikọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé ife sókè, àwọn 31 yòókù ti lọ sílé.

Ọmọdé tó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí a máa béèrè ohun kan tó mọ́gbọ́n dání: kí ló dé tí ó fi ń gba nǹkan bí oṣù 9 kí wọ́n tó mọ ẹni tó mọ eré náà ṣe jù? Ṣé wọn kò lè bára wọn gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹni tó borí máa gbé ife lọ? Ìdáhùn ìbéèrè yìí bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn eléré náà, nínú yìnyín tí wọ́n ń sáré lé lórí.

Yìnyín nínú ìlú tó móoru

Pápá họ́kì gùn ní mítà 61, ó sì fẹ̀ ní mítà 26. Kò tó ìdámẹ́rin pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n rọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di róbótó, wọ́n fi ògiri kúkúrú àti gíláàsì yí i ká, kí pẹlẹbẹ rọ́bà náà má bàa fò lu òǹwòran. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Ilẹ̀ kọnkéré ló wà lábẹ́ yìnyín, inú kọnkéré náà sì ni wọ́n ri àwọn páìpù mọ́, páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, láti ìkángun kan dé ìkejì. Nínú ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn, omi iyọ̀ tó tutù gidigidi ló ń ṣàn nínú wọn. Ìdí tí ó fi jẹ́ omi iyọ̀ ni pé omi lásán a máa dì tí òtútù bá ti dé ojú òdo, yóò sì dí páìpù pa. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí omi tètè dì. Omi iyọ̀ lè tutù kọjá òdo dáadáa, kí ó ṣì máa ṣàn.

Ẹ̀rọ tó ń mú omi iyọ̀ náà tutù kì í da òtútù sínú rẹ̀. Òtútù kì í ṣe ohun tí a lè bù dà sínú nǹkan; ooru tó kúrò ni à ń pè ní òtútù. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni láti máa kó ooru kúrò. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì nílé á ti ṣàkíyèsí pé ó gbóná. Ooru tí fíríìjì kó lára ẹran àti omi inú rẹ̀ ló ń tú dànù lẹ́yìn. Gbọ̀ngàn họ́kì náà, fíríìjì ńlá ni, àfi pé ilẹ̀ rẹ̀ ló ń dì. Omi iyọ̀ ń gba ooru lára yìnyín, ó ń gbé e lọ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń tú u síta, omi iyọ̀ tún padà wá gba òmíràn.

Ìdí nìyí tí ikọ̀ Florida Panthers fi lè gbá họ́kì ní oṣù kẹfà ní gúúsù Florida, ní ilẹ̀ tó gbóná tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì kún fún ọ̀rinrin bí ti Èkó. Ọ̀rinrin yìí gan-an ló tún le ju ooru lọ. Ìgò omi tútù tí wọ́n bá gbé jáde nínú fíríìjì a máa làágùn, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń di omi sára rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú gbọ̀ngàn, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀ lórí yìnyín: kùrukùru yóò bo pápá, òkè yìnyín yóò sì rí ṣákiṣàki. Nítorí náà, ẹ̀rọ mìíràn tún wà tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ títí eré yóò fi parí.

Wọn kì í rọ omi yìnyín náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un sórí kọnkéré, ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé èkejì. Lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́, wọn a kùn ún ní funfun, nítorí omi dídì kò ní àwọ̀, kọnkéré nìkan ni ojú ìbá máa rí. Wọn a wá fa ìlà pupa àti ìlà búlúù tí òfin eré náà ń béèrè, wọn a sì tún rọ omi lé e. Nígbà tí wọ́n bá parí, gbogbo ìnípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Bí ó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀, òkè rẹ̀ yóò jìnnà sí páìpù, yóò sì rọ̀.

Kí ló wá dé tí yìnyín fi ń yọ̀? Èérún omi tó wà láàárín yìnyín di ara wọn mú láti òkè, láti ìsàlẹ̀ àti láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó wà lókè pátápátá kò ní ẹni tó di wọ́n mú láti òkè. Wọn kò dúró gbọn-in, wọ́n ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni pé wọ́n fẹ́ di omi. Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti fura sí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìgbà tí irin ìsàlẹ̀ bàtà bá tún ń fi ara ha yìnyín, ooru díẹ̀ a jáde, yíyọ̀ náà a sì pọ̀ sí i. Irin bàtà yìí kò nípọn ju nǹkan bí mìlímítà 3 lọ. Wọ́n gbẹ́ àárín rẹ̀ díẹ̀ kí ó lè ní etí méjì mímú. Bí eléré bá nà án tààrà, yóò yọ̀ lọ. Bí ó bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí irin yóò gé yìnyín, yóò sì dúró lójijì bí ẹni tó tẹ búréèkì.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, àwọn etí irin wọ̀nyí á ti ha yìnyín yánnayànna. Ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Zamboni ni yóò wá tún un ṣe. Frank Zamboni ló ṣe é ní ìlú Paramount ní California lọ́dún 1949. Kó tó dìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń tún yìnyín ṣe, iṣẹ́ náà a sì máa gba ohun tó lé ní wákàtí kan. Ọkọ̀ náà ń fá òkè yìnyín, ó ń fọ̀ ọ́, ó sì ń tẹ́ omi tẹ́ẹ́rẹ́ lé e lójú ìrìn kan náà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ló sì ń gbà. Omi gbígbóná ló ń tẹ́. Omi gbígbóná a máa yọ́ orí yìnyín díẹ̀, kí tuntun àti àtijọ́ lè lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì kéré, nítorí náà yìnyín tó bá dì láti ara rẹ̀ a máa le, a sì máa mọ́ gaara.

Ìṣẹ́jú 60 lórí yìnyín

Pọ́ọ̀kì ni orúkọ pẹlẹbẹ rọ́bà náà. Ó tóbi tó agolo póólíìṣì bàtà: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.6, ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 2.5. Ó wúwo níwọ̀n gíráàmù 156 sí 170. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọn a kó o sínú òtútù títí yóò fi dì, nítorí rọ́bà tó bá gbóná a máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún, àmọ́ èyí tó bá tutù a máa yọ̀ lọ ní pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá lè mú kí ó sáré ju kìlómítà 160 ní wákàtí kan lọ, ju ọkọ̀ tó ń sáré lórí òpópónà márosẹ̀.

Ènìyàn 6 ló ń wà lórí yìnyín fún ikọ̀ kan: aṣọ́lé 1, ẹ̀yìn 2 àti iwájú 3. Abala 3 ni eré náà, ogún ìṣẹ́jú ni abala kọ̀ọ̀kan, aago sì ń dúró nígbàkigbà tí eré bá dúró. Ẹni tó bá ṣẹ̀ sí òfin, bí ẹni tó fi ọ̀pá dá ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, yóò lọ jókòó sínú àpótí ìjìyà fún ìṣẹ́jú 2, ikọ̀ rẹ̀ yóò sì máa fi ènìyàn kan dín gbá a títí yóò fi jáde tàbí títí ikọ̀ kejì yóò fi gbá góòlù kan wọlé.

Ohun tó máa ń ya ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ eléré. Ènìyàn 20 ni ikọ̀ kan ń múra fún eré kan, 18 tó ń sáré àti aṣọ́lé 2. Eléré kan kì í sáábà pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 45 lọ lórí yìnyín kí ó tó sáré padà sí bẹ́ǹṣì, kí ẹlòmíràn sì fò wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà láìdá eré dúró. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n ń ṣe. Ara ènìyàn ní ọ̀nà méjì tó fi ń rí agbára. Ọ̀kan ń lọ pẹ̀lú èémí: kò yára, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, òun ni ẹni tó ń rin ìrìn àjò ń lò. Èkejì kì í dúró de èémí: ó ń bú jáde bí iná koríko gbígbẹ, kì í sì í tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó lọ sílẹ̀. Èkejì yìí ni eléré họ́kì ń ná ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé. Bí ó bá jókòó díẹ̀, tí ó mí dáadáa, ara yóò tún un tò.

Ìdí tí eré kan kò fi tó

Níbi yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọdé yẹn wà. Ní ìpíndọ́gba, ikọ̀ kan a máa gbá pọ́ọ̀kì bí ìgbà 30 sí aṣọ́lé nínú eré kan, bí 3 péré ló sì ń wọlé. Èyí kéré. Pọ́ọ̀kì sì lè bá irin bàtà ẹnìkan, kó yà wọlé. Ó lè ta lára òpó ilé, kó fò jáde. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó borí àti ẹni tó pàdánù lálẹ́ ọjọ́ kan lè jẹ́ ìtàsí kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò pète. Ikọ̀ tó mọ eré ṣe jù lè pàdánù, kí ó má sì ṣe àṣìṣe kankan tó ṣe é tọ́ka sí.

Alágbàtà tó fẹ́ ra àpò ẹ̀wà lọ́jà kì í wo ẹ̀wà ẹnu àpò nìkan. Ó mọ̀ pé ojúlówó lè wà lókè kí èyí tí kòkòrò ti jẹ wà nísàlẹ̀. A ti ọwọ́ bọ àpò, a bù wá láti ìsàlẹ̀, a tún bù láti ẹ̀gbẹ́, a sì tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ wò. Bí ó bá ti bù ú tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdájọ́ rẹ̀ yóò ṣe súnmọ́ òtítọ́ tó. Eré họ́kì kan ṣoṣo dà bí ẹ̀kúnwọ́ kan láti ẹnu àpò. NHL ń bù ú ní ìgbà 82. Oríire àti oríburúkú a máa yí káàkiri. Bí eré bá ti pọ̀ tó, wọ́n á jẹ ara wọn run, ohun tó bá ṣẹ́ kù á sì jẹ́ bí ikọ̀ náà ṣe mọ eré ṣe tó.

Láti sáà 1995–96 ni wọ́n ti ń gbá eré 82, yàtọ̀ sí àwọn sáà díẹ̀ tí wàhálà gé kúrú. Àdéhùn tí líìgì àti àwọn eléré ṣe lọ́dún 2025 sọ ọ́ di 84 láti sáà 2026–27. Ìdajì jẹ́ nílé, ìdajì jẹ́ lẹ́yìn odi. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń pàdé gbogbo àwọn 31 yòókù, nílé àti lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ló ń pàdé jù. Àwọn ikọ̀ náà pín sí ẹkùn méjì, Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn; ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ìpín méjì, ìpín kọ̀ọ̀kan sì ní ikọ̀ 8. Ìpín yìí ń dín ìrìn àjò kù, nítorí láti Vancouver ní etíkun Pàsífíìkì dé Florida jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, aago ìlú méjèèjì sì fi wákàtí 3 yàtọ̀ síra. Ní nǹkan bí ọjọ́ méjì-méjì, eré kan á wà. Nígbà mìíràn, alẹ́ méjì tẹ̀ lé ara wọn, ní ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí kan nìyẹn tí aṣọ́lé fi jẹ́ méjì: èkejì ń gbá a kí ẹni àkọ́kọ́ lè sinmi.

Àmì ni wọ́n fi ń ṣírò. Ẹni tó borí gba àmì 2, ẹni tó pàdánù láàárín ìṣẹ́jú 60 kò gba nǹkan kan. Ọ̀mì kò sí mọ́ láti sáà 2005–06. Bí góòlù bá dọ́gba, wọn a fi ìṣẹ́jú 5 kún un, eléré 3 àti aṣọ́lé ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò sì fi sílẹ̀, kí àyè lè gba ẹni tó fẹ́ gbá góòlù wọlé. Góòlù àkọ́kọ́ ló parí ọ̀rọ̀. Bí kò bá sí, eléré kọ̀ọ̀kan yóò máa dá nìkan kojú aṣọ́lé títí ẹnìkan yóò fi borí. Ẹni tó bá pàdánù ní àsìkò àfikún yìí kò lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n fún un ní àmì 1. Nítorí náà, ikọ̀ tó borí ní ìgbà 50, tó pàdánù pátápátá ní ìgbà 24, tó sì pàdánù ní àsìkò àfikún ní ìgbà 8, yóò ní àmì 108, ó sì dára gan-an.

Láti oṣù kẹwàá dé oṣù kẹrin

Kí eré àkọ́kọ́ tó wáyé, oṣù kẹsàn-án ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ń kó àwọn eléré jọ láti yan àwọn tí yóò lò. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní eléré 23. Àwọn tí kò bá wọlé yóò lọ sí ikọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú líìgì tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa retí ìpè. Ìpè náà a sì máa dé, nítorí ìfarapa pọ̀ nínú eré tí ènìyàn ti ń fi ara lu ara. Títí di nǹkan bí oṣù kẹta, àwọn ikọ̀ lè fi eléré pààrọ̀ eléré láàárín ara wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá, ìlẹ̀kùn tì.

Ní àárín oṣù kẹrin, ikọ̀ 16 ni yóò kù. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìpín kọ̀ọ̀kan wọlé, wọ́n jẹ́ 12. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan tún mú méjì tí àmì wọn pọ̀ jù nínú àwọn tó kù. Fún àwọn 16 tó ṣubú, sáà ti parí, ṣùgbọ́n líìgì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ìparí oṣù kẹfà, àwọn ikọ̀ máa ń yan àwọn ọ̀dọ́ tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 18 lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń fi gègé pín ipò àkọ́kọ́ láàárín àwọn tó ṣubú, ìkángun àtẹ ló sì ní àǹfààní jù. Òfin tó fi ààlà sí iye owó tí ikọ̀ kan lè san fún àwọn eléré rẹ̀ tún ń ran irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: olówó kò lè ra gbogbo ọ̀jáfáfá tán.

Ìgbà 16 láti borí

Bí asẹ́ àkọ́kọ́ bá ti jọ̀ ọ́ tán, asẹ́ kejì tó dí jù ú lọ ló kàn. Gbogbo àmì tí wọ́n ti kó jọ láti oṣù kẹwàá kò lè gba ẹnikẹ́ni là mọ́. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù yóò gbá eré kan sí i nílé bí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀. Ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ nìyí. Ikọ̀ méjì yóò máa bára wọn gbá a ní àgbátúngbá, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí ní ìgbà 4 ló ń lọ síwájú. Ọ̀wọ́ eré kan lè jẹ́ 4, ó sì lè gùn dé 7. Ìpele 4 ni wọ́n ní láti là já, nítorí náà ẹni tí yóò gba ife gbọ́dọ̀ borí ní ìgbà 16. Ìdí tí wọn kò fi fi eré kan pinnu rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àpò ẹ̀wà.

Síbẹ̀, ìgbà 7 kì í ṣe ìgbà 82, oríire ṣì ní àyè tirẹ̀. Ní sáà 2022–23, ikọ̀ Boston Bruins borí ní ìgbà 65, ó sì kó àmì 135 jọ. Kò sí ikọ̀ tó ṣe irú rẹ̀ rí nínú ìtàn NHL. Ẹni tó bá wọn pàdé ní ìpele àkọ́kọ́ ni Florida Panthers, tó fi àmì 92 yọ́ wọlé ní ipò ìkẹyìn ní ẹkùn Ìlà Oòrùn. Boston borí ní ìgbà 3 nínú eré 4 àkọ́kọ́, ó ku ẹyọ kan. Florida gba mẹ́ta tó kù, èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ ní àsìkò àfikún. Kì í ṣe pé Florida ló dára jù ní gbogbo sáà yẹn. Àwọn ló dára jù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kàn. Wọ́n dé àṣekágbá, wọ́n pàdánù sọ́wọ́ Vegas Golden Knights, kí wọ́n tó wá gba ife ní 2024 àti 2025.

Ní ìpele yìí, kò sí ìdánìkan-kojú-aṣọ́lé. Bí góòlù bá dọ́gba, wọn yóò máa gbá abala ogún-ogún ìṣẹ́jú, ènìyàn 5 sí 5, títí góòlù kan yóò fi wọlé. Ní oṣù kẹta ọdún 1936, Detroit Red Wings àti Montreal Maroons gbá a títí oru fi jìn. Àfikún kẹfà ni wọ́n wà nígbà tí Mud Bruneteau ti Detroit gbá góòlù kan ṣoṣo tó wà nínú eré náà wọlé. Wọ́n ti gbá ìṣẹ́jú 176 àti ààbọ̀, bí ẹni pé wọ́n gbá eré mẹ́ta pọ̀. Eré NHL kankan kò tíì gùn tó o.

Nígbà tí ọ̀wọ́ eré kan bá parí, ikọ̀ méjèèjì yóò tò sórí yìnyín, ẹni tó borí àti ẹni tó pàdánù, wọn yóò sì bọ ara wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ń fi ara gbún ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú gbogbo àṣà họ́kì, èyí ló yẹ kí ọmọdé kọ́kọ́ kọ́.

Ife náà

Lord Stanley, tó jẹ́ gómìnà àgbà Kánádà, ló fi ife náà ta àwọn eléré lọ́rẹ lọ́dún 1892, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ikọ̀ kan ní Montreal kọ́kọ́ gbà á. Ife Stanley ni wọ́n ń pè é. Ó dàgbà ju NHL fúnra rẹ̀ lọ. Abọ́ fàdákà kékeré ni níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi òrùka kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 90, tó sì wúwo ju kílò 15 lọ. Wọn kì í ṣe òmíràn lọ́dọọdún bí ti àwọn líìgì mìíràn. Ọ̀kan náà ló ń ti ọwọ́ ikọ̀ dé ọwọ́ ikọ̀. Balógun ikọ̀ ló ń kọ́kọ́ gbé e, á yí pápá ká, á sì fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn ìlú wọn, eléré kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kan tí ó lè mú un lọ sí ìlú ìbí rẹ̀.

Wọ́n ń fín orúkọ àwọn tó gbà á sára rẹ̀. Eléré tó bá gbá eré 41 fún ikọ̀ náà nínú sáà, tàbí tó kópa nínú àṣekágbá, ni ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Òrùka ńlá kọ̀ọ̀kan gba ikọ̀ 13. Bí gbogbo rẹ̀ bá kún, wọn a yọ èyí tó pẹ́ jù, wọn a gbé e lọ sí ilé ìrántí họ́kì ní Toronto, wọn a sì fi òfìfo rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ lónìí mọ̀ pé yóò kúrò lọ́jọ́ kan.

Ìgbà méjì péré ni ife náà kò rí ẹni gbà á láti ọdún 1893. Ní 1919, àrùn gágá tó ń jà kárí ayé kọ lu àwọn eléré nígbà tí Montreal Canadiens àti Seattle Metropolitans ń gbá àṣekágbá. Wọ́n dá a dúró, Joe Hall ti Montreal sì kú ní ilé ìwòsàn ní Seattle. Ní sáà 2004–05, àwọn tó ni ikọ̀ àti àwọn eléré kò fohùn ṣọ̀kan lórí owó, eré kan ṣoṣo kò sì wáyé. Ọdún méjèèjì ṣì wà lára ife náà. Wọ́n fín in sára ti 1919 pé eré náà kò parí, wọ́n sì fín in sára ti 2005 pé wọn kò gbá a.